Ọjọ́ Kìíní, Oṣù Kìíní

Rídíwàn ọmọ Jìnádù jáde ìwé mẹ́wàá l'Ẹ̀pẹ́,
ó gba ìwé ẹ̀rí, ó wọkọ̀ lọ sílé-ẹ̀kọ́ gíga.
Wọ́n wo ìwé, wọ́n wojú rẹ̀, wọ́n tún wo ìwé.
"Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 2003.
Ìwọ tí wọ́n bí ní 2007,
ta ló bá ọ ṣèdánwò?"

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn.

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o," Ìyáàfin Odùṣínà kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀,
"orúkọ ọmọ ni mo ń tẹ̀, èmi kọ́ ni mò ń tẹ ọjọ́."
Ó nàka sábẹ́ tábìlì.
Kọ̀ǹpútà náà ti funfun rí;
ó ti wá pọ́n bí eyín olóbì.

Mo tẹ bọ́tìnì. Kẹ́kẹ́ pa.
Mo tún tẹ̀ ẹ́. Fáànù yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.
Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló han: píì, píì, píì.
"Ó ti ń ké báyìí látìgbà òjò.
Mo máa ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, á sì gbọ́."
Màdáámù, ẹni tó ń ké,
ibi tó ń dùn ún ló ń sọ.

Mo yọ okùn iná kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan,
mo tẹ bọ́tìnì lásán, kí èyí tó kù nínú rẹ̀ lè tán.
Mo tú ìdè mẹ́rin.
Eruku bí òwú. Ìyẹ́ aáyán.
Ẹyin ọmọńlé méjì, òfìfo,
àwọn ọmọ ti pa, wọ́n ti bá tiwọn lọ.
Mo fa mẹ́mọ́rì yọ, mo fi írésà ha ẹsẹ̀ rẹ̀
títí wúrà ibẹ̀ fi rántí ara rẹ̀,
mo tì í padà, ó dún "kà".

Igbe dákẹ́.
Ojú dúdú, lẹ́tà funfun:
òun ń wá fílọ́pì
tí wọ́n ti tú dànù látayé ọ̀gá àná;
òun kò mọ ọjọ́ tí a wà;
kí n tẹ F1 ká máa lọ.
"Háà! Èyí ni mo ń tẹ̀ láràárọ̀," ni Màdáámù wí.
"Mo rò pé ó ń kí mi ni."

Bátìrì wà ní kọ̀rọ̀, pẹlẹbẹ, bí kọ́bọ̀ àtijọ́,
ọ̀rinrin ọ̀sà ti kó ìpẹtà bá irin abẹ́ rẹ̀.
Mítà tó yẹ kó ka mẹ́ta
ka ọ̀kan àti ẹ̀fẹ́.
Òun nìkan ló ń ṣọ́ àkókò
bí wọ́n bá mú iná,
bí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, tí wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn pa.
Ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀. Ó kú sẹ́nu iṣẹ́.
Látìgbà náà ni ọ̀gá rẹ̀ ti ń jí
sí ọjọ́ kan náà,
ọjọ́ tí àwọn tó kàn án kọ sí i níkùn.

Mo fi tuntun sí i, àmì ròpọ̀ kọjú sókè.
Ó ní: ọjọ́ wo nìyí?
Bátìrì lè pa àkókò mọ́, kò lè dá a mọ̀;
èèyàn ni yóò sọ fún un.
Aago ara ògiri ti kú sí aago mẹ́rin ààbọ̀.
Fóònù mi ti kú. Ti Màdáámù wà nílé, ó ń gba iná.
Rídíwàn ló dáhùn lẹ́nu ọ̀nà, ketekete,
ọjọ́, oṣù, ọdún,
wákàtí pẹ̀lú ìṣẹ́jú,
bí ẹni ń ṣe ìdánwò ẹnu.

Ìwé ẹ̀rí tuntun jáde, ó ṣì gbóná.
Ọmọ náà kò ka orúkọ rẹ̀,
ọjọ́ ló kọ́kọ́ kà.

Mo bèèrè owó mi.
"Ọ̀la ni, Injiníà."
Mo ní kò burú, Màdáámù.
Kọ̀ǹpútà yín ti mọ ọ̀la báyìí.